Owó ìtọ́jú ọmọ ní UK: ìnáwó wo ni CMS ń yọ, èwo ni wọn kì í kà?

Ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu ẹni tó bá ń san owó ìtọ́jú ọmọ nípasẹ̀ Child Maintenance Service ní UK, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣírò iye tí òbí tí ọmọ kò gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ máa san, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní CMS. Bàtà tí mo rà fún ọmọ, owó tí mo san kí ó lè bá àwọn ará kíláàsì rẹ̀ rìnrìn-àjò, fóònù tí mò ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù: ṣé wọn ò ní yọ ọ́ kúrò nínú owó tí mò ń san ni? Wọn ò ní yọ ọ́. Kódà bí rìsíìtì bá kún àpò, wọn ò ní yọ pẹ́nì kan.

Síbẹ̀, àwọn ìnáwó kan wà tí wọ́n ń yọ. Kì í ṣe bí owó náà ṣe pọ̀ tó ló ń pinnu rẹ̀ bí kò ṣe ọ̀nà tí owó náà gbà. Ọ̀nà kan wà tó ń dín owó ìtọ́jú fúnra rẹ̀ kù. Òmíràn ń dín owó tó ń wọlé fún yín kù nínú ìwé ìṣirò wọn, èrè ìyẹn kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ọ̀nà kẹta kò kan nǹkan kan. Púpọ̀ nínú ìjà owó tó ń wáyé láàárín bàbá ọmọ àti ìyá ọmọ, ẹnì kan ló rò pé ọ̀nà àkọ́kọ́ lòun ń tọ̀, tó sì jẹ́ pé ẹ̀kẹta ló wà.

England, Wales àti Scotland ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Northern Ireland ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dé orí iye tí ẹ óò san

CMS máa ń béèrè lọ́wọ́ HMRC, ilé-iṣẹ́ owó orí ìjọba, pé èló ló wọlé fún ẹni tó ń sanwó ní ọdún owó orí tó kẹ́yìn tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Iye tó wọlé kí wọ́n tó yọ owó orí ni wọ́n ń mú. Wọ́n á yọ owó ìfẹ̀yìntì tí ẹni náà ń dá kúrò, wọ́n á wá pín ìyókù sí ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Láti £200 dé £800 lọ́sẹ̀, 12% ni ti ọmọ kan, 16% ni ti ọmọ méjì, 19% ni ti ọmọ mẹ́ta sókè. Bí owó bá kọjá £800, apá tó lé nìkan ni wọ́n ń ṣírò ní 9%, 12% tàbí 15%, títí dé £3,000. Ibẹ̀ ni agbára CMS mọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ka ohun tó lé ní £3,000, kóòtù ló máa lọ. Ẹni tó ń jẹ owó ìrànwọ́ ìjọba, tàbí tí owó rẹ̀ kò ju £100 lọ́sẹ̀, £7 ló sábà máa ń san. Àárín £100 sí £200 ní ìṣirò tirẹ̀.

Iye tí òbí tí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ń gbà níbi iṣẹ́ kò wọ inú ìṣirò yìí rárá. Ó ń bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú, àmọ́ bí òfin ṣe wà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tí £700 ń wọlé fún lọ́sẹ̀, tí kò dá owó ìfẹ̀yìntì, tó sì ní ọmọ kan ṣoṣo. 12% nínú £700 jẹ́ £84 lọ́sẹ̀. Ẹ sọ £84 di ìgbà 52, kí ẹ pín in sí oṣù 12, ẹ óò rí £364 lóṣù. Òun la ó máa fi ṣe òṣùwọ̀n títí dé ìparí.

Òru tí ọmọ ń sùn lọ́dọ̀ yín

Nínú gbogbo ohun tó ń dín owó kù, òru ló lágbára jù, nítorí pé ara owó ìtọ́jú gan-an ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Bí ọmọ bá ń sùn lọ́dọ̀ ẹni tó ń sanwó fún òru 52 sí 103 lọ́dún, wọ́n á yọ ìdá kan nínú méje. Òru 104 sí 155, ìdá méjì nínú méje. Òru 156 sí 174, ìdá mẹ́ta nínú méje. Láti òru 175 lọ sókè, wọ́n á yọ ìlàjì, wọ́n á tún yọ £7 sí i lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tiwa tó ń san £84 á wá máa san £72, tàbí £60, tàbí £48, tàbí £35. Àmọ́ òru kò lè mú kí iye tí ẹ óò san kéré sí £7, àyàfi fún ẹni tó jẹ́ pé torí owó ìrànwọ́ ìjọba ló fi ń san £7 láti ìbẹ̀rẹ̀: tirẹ̀ á di òfo bí òru bá ti pé 52.

Ẹ wo ibi tí ààlà wà dáadáa. Ọmọ tó ń wá ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti alẹ́ Sátidé, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, máa sùn fún òru 52 gẹ́lẹ́ lọ́dún. Bí òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo bá fò, ó di 50, ìdá kan nínú méje sì ti lọ nìyẹn. Fún ẹni tiwa, £12 lọ́sẹ̀ ni, £624 lọ́dún. Ìdí nìyí tí òru ìsinmi iléèwé fi ṣe pàtàkì: ọ̀sẹ̀ kan péré nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti fi òru méje kún un, ẹ ò sì ní máa gbọ̀n lórí ààlà mọ́. Bákan náà ni òru méjì lọ́sẹ̀, tó jẹ́ 104 gẹ́lẹ́.

Ọ̀sán kì í ṣe òru o. Ẹni tó ń gbé ọmọ láti iléèwé lójoojúmọ́, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá títí di aago mẹ́jọ alẹ́, kí ó tó dá a padà, òfo ni CMS máa kọ sílẹ̀ fún un. Ibì kan ṣoṣo tí iṣẹ́ ọ̀sán ti ń wọ ìwé ni ibi tí òbí méjèèjì ti ń tọ́jú ọmọ dọ́gba-dọ́gba, tọ̀sán tòru. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa san fún ẹnì kejì. Àmọ́ ẹ ní láti fi ẹ̀rí hàn: orúkọ ta ni wọ́n ń pè ní iléèwé bí ọmọ bá ṣàìsàn, ta ló ń mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, ta ló ń ra aṣọ. Ẹni tó ń gba Child Benefit, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí ọmọ, ni CMS kọ́kọ́ máa ń gbà pé ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ óò sì fi ẹ̀rí sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Iye òru tí wọ́n retí nínú oṣù méjìlá tó ń bọ̀ ni wọ́n ń kà, wọ́n á sì wo àdéhùn tàbí ìwé kóòtù. Bí kò bá sí èyíkéyìí, wọ́n á wo bí oṣù méjìlá tó kọjá ṣe rí. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá gbà pé ọmọ ń sùn níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, àmọ́ tí ẹnu yín kò kò lórí iye òru, CMS lè fi í sí òru kan lọ́sẹ̀. Bí ọmọ bá ju ẹyọ kan lọ, wọ́n á ro ìdá ọmọ kọ̀ọ̀kan pọ̀, wọ́n á sì pín in sí iye ọmọ. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń wá fún òru 60 tí àbúrò kò sì wá rárá, ìdá kan nínú mẹ́rìnlá ni ẹ óò rí, kì í ṣe ìdá kan nínú méje.

Owó tí ẹ san fún ẹlòmíì dípò owó ìtọ́jú

Èyí ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé ó wà, òun náà sì ń yọ owó kúrò nínú owó ìtọ́jú gan-an, pọ́n-ùn kan fún pọ́n-ùn kan. Ìlànà kan tó ti wà láti ọdún 2009 ló fún CMS láyè láti ka owó tí ẹ san tààrà fún onílé, báǹkì tàbí ilé-iṣẹ́ iná. Àmọ́ àwọn ohun tí wọ́n ń kà kò pọ̀: owó ilé tí ọmọ ń gbé, mọ́gẹ́ẹ̀jì ilé náà, iná mànàmáná, gáàsì àti omi tó wọ ilé náà, council tax rẹ̀ (owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà), àtúnṣe ẹ̀rọ tó ń mú ilé náà gbóná, àti àtúnṣe pàtàkì tí ilé náà kò lè ṣe aláìrí, bí òrùlé tó ń jò. Ó parí síbẹ̀. Aṣọ iléèwé kò sí nínú rẹ̀, oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀, owó olùkọ́ àdáni kò sí nínú rẹ̀.

Ohun kejì tó tún ṣe pàtàkì ni pé òbí tí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ẹ san owó náà. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń bàjẹ́. Ẹnì kan á gbọ́ pé iná fẹ́ gé nílé ìyá ọmọ, á yára san £120, á wá fi £244 ránṣẹ́ dípò £364. Inúure ló fi ṣe é. Bí ìyá ọmọ bá wá sọ fún CMS pé òun ò bá a sọ ọ́, £120 ti di gbèsè nìyẹn, iná tó ń tàn nínú ilé kò sì ní yí i padà.

Nítorí náà, àdéhùn kọ́kọ́, owó tẹ̀ lé e. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí fóònù, kí ìdáhùn sì wà níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó: iye owó, ẹni tí ẹ fẹ́ san án fún, ọjọ́ tí ẹ máa san án, àti gbólóhùn tó sọ ọ́ kedere pé dípò apá kan owó ìtọ́jú oṣù báyìí-báyìí ni. Ẹ tún kọ iye tó máa kù tí ẹ óò fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá san £250 fún onílé, £114 ló kù nínú £364. Èdè wa dùn láàárín ẹ̀yin méjèèjì, àmọ́ ẹ kọ ìyẹn ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí òṣìṣẹ́ CMS ni yóò kà á lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tó CMS létí pẹ̀lú rìsíìtì àti ìwé àkọsílẹ̀ báǹkì tó fi hàn pé owó náà jáde láti inú àkáǹtì yín.

Ìnáwó tó ń dín owó tó ń wọlé kù nínú ìṣirò

CMS ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní variation. Ẹni tó ń sanwó lè ní kí wọ́n wo àwọn ìnáwó pàtàkì kan: owó ìrìn-àjò láti lọ rí ọmọ; ìnáwó orí àìsàn tàbí àìlera ọmọ mìíràn tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀; gbèsè tí ẹ jẹ nígbà tí ẹ ṣì jọ ń gbé, tó sì jẹ́ fún àǹfààní ẹbí; owó iléèwé tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀; àti mọ́gẹ́ẹ̀jì ilé tí ọmọ àti òbí kejì ń gbé, bí ẹ̀yin fúnra yín kò bá ní ìpín kankan nínú ilé náà mọ́. Yàtọ̀ sí ti àìlera, ìnáwó náà gbọ́dọ̀ tó £10 lọ́sẹ̀ ó kéré tán.

Ohun tí kì í hàn sí ojú lẹ́ẹ̀kan náà ni pé ara owó tó ń wọlé ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kí wọ́n tó ṣírò. Ká ní ẹni tiwa ń ná £35 lọ́sẹ̀ lórí rélùwéè láti lọ rí ọmọ rẹ̀. £700 á di £665. 12% rẹ̀ jẹ́ £79.80. £35 jáde lápò rẹ̀, £4.20 ló fi dín kù. Ó ṣì dára ju òfo lọ, ó ju £200 lọ lọ́dún, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n máa dá owó ọkọ̀ padà fún òun.

Mọ́gẹ́ẹ̀jì ló fi ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì hàn jù. Bí òbí kejì bá fọwọ́ sí i pé kí ẹ san £100 fún báǹkì dípò owó ìtọ́jú, £100 ló máa yọ. Bí £100 kan náà bá gba ọ̀nà variation, £12 ló máa yọ fún ẹni tó ní ọmọ kan. Owó kan náà, báǹkì kan náà. Bí ẹ̀yin àti òbí kejì bá ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹ gbìyànjú ti àkọ́kọ́ kí ẹ tó ronú kan ìkejì.

Nípa owó ìrìn-àjò, tíkẹ́ẹ̀tì, epo ọkọ̀, owó ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí àti ibi tí ẹ sùn mọ́jú lè wọ inú rẹ̀, bí ìbẹ̀wò náà bá ń wáyé déédéé. Oúnjẹ tí ẹ jọ jẹ níta àti ẹ̀bùn tí ẹ rà kò wọ inú rẹ̀. Nípa gbèsè, wọn kì í ka gbèsè òwò, gbèsè tẹ́tẹ́, owó ìtanràn, owó lọ́yà tí ẹ fi kọ ara yín sílẹ̀, tàbí gbèsè káàdì báǹkì tí a ń ná ṣáájú. Nípa iléèwé ibùgbé, owó ilé àti oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń kà, kì í ṣe owó ẹ̀kọ́. Bí iléèwé kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, wọn kì í kà ju 35% gbogbo owó náà lọ.

Òbí kejì náà lè béèrè fún variation. Bí ẹni tó ń sanwó bá ń rí £2,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún láti orí ilé tó fi háyà, èlé báǹkì tàbí èrè ìpín ilé-iṣẹ́, tàbí bí ohun ìní rẹ̀ bá ju £31,250 lọ, wọ́n lè fi kún owó tó ń wọlé fún un. Ẹni tó sì sáré gbé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sókè gọbọi kí owó ìtọ́jú lè rọlẹ̀, CMS lè sọ pé ó ń yí owó pa mọ́ ni.

Àwọn ọmọ mìíràn

Bí ọmọ mìíràn bá ń gbé lọ́dọ̀ ẹni tó ń sanwó, tó fi mọ́ ọmọ tí ìyàwó tàbí ọkọ tuntun mú wá, tí òun tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé sì ń gba Child Benefit lórí rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yọ 11% nínú owó tó ń wọlé fún ọmọ kan, 14% fún méjì, 16% fún mẹ́ta sókè. £700 á di £623, owó ìtọ́jú á di £74.76.

Ọmọ tí ẹ ń sanwó fún lábẹ́ àdéhùn mìíràn, tí kò gba ọwọ́ CMS, náà ń wọ ìṣirò. Bí ẹ bá ní ọmọ kan ní CMS tí ẹ sì ń sanwó déédéé fún òmíràn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n á ṣírò bí ẹni pé ọmọ méjì ni, 16%, tó jẹ́ £112, wọ́n á sì pín in sí méjì: £56. Ọ̀pọ̀ ló ń pàdánù £28 lọ́sẹ̀ torí pé wọn ò dárúkọ ọmọ yẹn fún CMS. Ẹ ní láti fi hàn pé owó náà ń lọ ní tòótọ́.

Bí owó iṣẹ́ yín bá já wálẹ̀ láàárín ọdún, ó gbọ́dọ̀ fi 25% yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé wọn kí wọ́n tó yí i padà. Fún £700, ó ní láti wálẹ̀ dé £525. Bí ó bá dúró sí £560, ẹ óò dúró de àtúnyẹ̀wò ọdọọdún.

Ìyókù ńkọ́?

Aṣọ, bàtà, owó ìpápánu, bọ́ọ̀lù, ẹ̀kọ́ dùùrù, ọjọ́ ìbí, ìsinmi lókè òkun: CMS kò ní ibì kankan tí wọ́n máa kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ kí irú nǹkan wọ̀nyí ní iye, àdéhùn láàárín òbí méjèèjì, láìsí CMS, ló lè ṣe é. Ìyẹn kò ní owó kankan tí ìjọba máa gbà, ẹ sì lè fi ohunkóhun sínú rẹ̀. Bí ẹ óò bá ṣe é, ẹ kọ iye owó oṣù, ọjọ́ tó ń wọlé, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan á máa rà, bóyá ohun tí ẹ rà ń dín owó oṣù kù tàbí ó wà lọ́tọ̀, iye tí ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ ná kọjá láìjẹ́ pé ó béèrè, àti oṣù tí ẹ óò tún jókòó sọ ọ́. Ìbéèrè “ṣé ó ń dín in kù àbí ó wà lọ́tọ̀” ni àwọn èèyàn ń gbàgbé jù lọ, òun náà ló sì ń dá ìjà sílẹ̀.

CMS kò lè bá yín fi agbára gba owó àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ní England àti Wales, kóòtù lè sọ ọ́ di àṣẹ, àmọ́ lẹ́yìn oṣù méjìlá, ẹnikẹ́ni nínú yín lè lọ sí CMS, apá owó ìtọ́jú nínú àṣẹ kóòtù náà á sì parí.

Ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọwọ́ òbí kejì

Nínú Direct Pay, CMS ń ṣírò, ẹ̀yin ń fi owó ránṣẹ́ fúnra yín. CMS kò rí owó náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni lówó lọ́wọ́, kódà bí ó bá bẹ̀ yín. Ẹ fi í ránṣẹ́ láti báǹkì, kí ẹ sì kọ orúkọ kan náà sí i lóṣooṣù kí ó lè yàtọ̀ sí owó ẹ̀bùn tàbí ti aṣọ. £364 tó jáde ní ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò ní àkọlé, ṣòro láti fi ṣe ẹ̀rí.

Bí gbèsè bá ti ń hù, wọ́n lè gbé yín lọ sí Collect & Pay, níbi tí CMS fúnra rẹ̀ ti ń gba owó náà lọ́wọ́ ọ̀kan tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí èkejì. Níbẹ̀, ẹni tó ń sanwó á fi 20% lé e, ẹni tó ń gbà á á pàdánù 4%. £84 á di £100.80 lọ́wọ́ ọ̀kan, á sì di £80.64 lọ́wọ́ èkejì. £20.16 lọ́sẹ̀ ti sọnù láàárín yín, ọmọ kò sì rí i. Wọ́n tún lè pàṣẹ fún ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín pé kí ó máa yọ ọ́, títí dé 40% owó tó kù lẹ́yìn owó orí.

Bí ẹ kò bá gba ìpinnu kan, bóyá lórí òru tàbí lórí variation, ọjọ́ 30 lẹ ní láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà náà láti ní kí CMS tún un wò. Ẹ fi kàlẹ́ńdà òru, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín àti tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ má ṣe máa fi wọ́n ránṣẹ́ ní díẹ̀díẹ̀. Bí èsì rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, oṣù kan lẹ tún ní láti lọ sí ilé ẹjọ́ tribunal. Nínú gbogbo àsìkò yẹn, iye tó wà lórí lẹ́tà ni ẹ óò máa san. Bí wọ́n bá dá yín láre, èyí tí ẹ ti san lé ni wọ́n máa yọ nínú ti iwájú.